Wáyà Tí A Lọ́ Sósì

Abíọ́nà fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀, ó sì pa ojú dé. Ọkọ̀ náà ń mí. Ọkọ̀ pupa kékeré ni, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè dúró tì í kó máa wo orí rẹ̀. Wọ́n ṣe é láyé ìgbà tí ẹni tó bá wù ú lè sáré láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Kí ló ń wí, Ọ̀gá?" Dúrósinmí bèèrè. Òun ló fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ó jókòó lórí kúlà funfun tó fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ìwòsàn, ó ń fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lemọ́lemọ́.

"Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ráyè sọ̀rọ̀."

Ẹni tó ni ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Akínṣìpẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, ó sì gbé fìlà rẹ̀ lé eékún. "Má dà á láàmú, ọmọ mi. Ọkọ̀ mi kì í ṣàròyé. Láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń wà á, kò bá mi jà rí."

"Ẹni tí kì í bá èèyàn jà gan-an ni wọ́n máa ń ṣọ́, Bàbá," ni Abíọ́nà fi dá a lóhùn, kò la ojú.

Ó ń gbọ́ àwọn fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé, bí àwọn ọmọ ilé-kéú tó ń ka wàláà pa pọ̀. Kò sí èyí tó ṣáájú, kò sí èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìró wọn, ìfé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ti fáànù kékeré tí wọ́n ń pè ní tọ́bò, èyí tó ń fi agídí ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Ìfé náà wúwo díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Díẹ̀ náà kò ju ti ọmọdékùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yí padà. Abíọ́nà yọ sukudiráfà létí, ó sì nù ún.

Lára ògiri ọgbà àyẹ̀wò náà ni wọ́n kan Ẹlẹ́rìí mọ́, àpótí ìjọba kan tó tóbi tó fèrèsé. Aṣọ dúdú bo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo ti fẹ́ bi yín tipẹ́," ni Dúrósinmí wí. "Nígbà tí ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n bò ó lójú? Kó kúkú bá yín wò ó."

"Ẹ̀rọ ti purọ́ fún ẹ̀rọ títí, ó sú ìjọba. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á ní ara òun mọ́, ẹ̀rọ ara ògiri á ní òun gbà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa yin ara wọn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wọn ni wọ́n tó rántí pé èèyàn ní ahọ́n. Èmi ni mo máa wò ó. Lẹ́yìn náà, mà á yọ irin kan lára ọkọ̀ yẹn gan-an, mà á fi kan ahọ́n, mà á búra. Ìbúra yẹn nìkan lòun máa gbọ́."

"Tí ẹ bá wá búra èké ńkọ́?"

"Irin kì í gbàgbé," ni Bàbá Akínṣìpẹ̀ dá sí i. "Àwọn bàbá wa ò ní ilé-ẹjọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ò búra èké rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá a dé ibí."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń yin ọbẹ̀.

Wọ́n wa ọkọ̀ náà gun orí irin yíyí, àwọn irin rìbìtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa sáré lójú kan. Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló wọnú rẹ̀. Nígbà tó tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó le ju ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí okùn tó nípọn, ẹrù rẹ̀ ló ti pọ̀ sí i; ó fi ìyẹn pamọ́ sínú. Ó di sítíárìn mú gbagidi, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ iná kí eré lè pọ̀, títí nọ́ńbà tó ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì lára ògiri fi dúró.

"Agbára igba ẹṣin," Dúrósinmí kà á jáde. Ìdùnnú wà lóhùn rẹ̀. "Igba náà ni ìjọba fọwọ́ sí nínú ìwé èémí rẹ̀. Kò lé, kò dín."

"Kò dín," ni Abíọ́nà tún sọ.

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni?"

"Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, garawa omi méjì ni mo máa ń gbé gun òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí, ọ̀kan ni mò ń gbé, mo sì ń sinmi lójú ọ̀nà. Irin náà ń darúgbó. Tí ẹ́ńjìnnì ọlọ́jọ́ orí báyìí bá fi ọgọ́sàn-án hàn mí, mà á kí i kú iṣẹ́. Tó bá fi igba hàn mí, mà á bi í pé ta ló ń bá a gbé e."

"Ó ń tọ́jú ara ẹ̀ ni," ni Bàbá Akínṣìpẹ̀ wí. "Bíi tèmi."

"Ó ti pẹ́ tí ẹ gbé garawa wò, Bàbá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín gan-an, ṣùgbọ́n bó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ló ti yọ ìwé kan nínú àpò. "Dúrósinmí, ọmọ mi, bá mi mú ìwé ìrajà yìí dé ọ́fíìsì iwájú kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, kó má di pé ìbúra tán, a tún ń dúró."

Dúrósinmí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ. Ó fi kúlà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ tirẹ̀ ti kọṣẹ́, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí Kíṣí, oòrùn ló sì ń bọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Ìkùukùu ti ń ṣú láti ìlà-oòrùn. Nígbà tí òjò bá dé, kò ní sí oòrùn tí yóò bọ́ nǹkan kan, àwọn asáré bíi tirẹ̀, tó ní ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ epo, nìkan ni yóò lè lọ kí wọ́n sì padà.

Abíọ́nà kò kúrò nínú ọkọ̀. Ó ń wo sítíárìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí nọ́ńbà ti dúró sí igba: báwo ni ọkọ̀ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò? Kò ní ojú. Ohun tó ní ni táyà àti sítíárìn. Lójú títì, kò sí awakọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ ń dúró gbagidi. Yóò yẹ kòtò, yóò yẹ ajá, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa lọ yóò máa bọ̀. Orí irin yíyí nìkan ni táyà ti ń sáré tí sítíárìn kì í mì.

Ó tẹ iná padà. Nọ́ńbà gun igba, ó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi sítíárìn díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sóko.

Ìró ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó dà bí ọkọ ìyàwó tó ti ń rọra sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀ láti àárọ̀, tó wá délé ara rẹ̀. Nọ́ńbà kúrò ní igba, ó kọjá igba ó lé ogójì, ó kọjá ọ̀ọ́dúnrún, ó dúró sí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá.

Abíọ́nà pa iná ọkọ̀. Ọgbà náà dákẹ́.

"Alágbàwí wà nínú ẹ̀," ni ó wí.

Kò sí asáré tí kò mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò tóbi ju èékánná lọ, tó máa ń fi agbára ọkọ̀ pamọ́ lórí irin yíyí, tó sì máa ń bá ọ̀nà alójú, ìyẹn títì tí ìjọba fi ẹ̀rọ sí kó máa ṣọ́ ọkọ̀, sọ̀rọ̀ lórúkọ ọkọ̀. Ọ̀nà á bèèrè pé èémí mélòó lò ń mí, alágbàwí á ní igba, Olúwa mi, igba péré. Tí omi bá wọ alágbàwí, tó bá dákẹ́, ọ̀nà á gbọ́ èémí tòótọ́, á sì pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Òfin Èémí, tó fi òdiwọ̀n sí agbára ẹ́ńjìnnì, ti wí. Sítíárìn á gan pẹ̀lú. Ní àkókò òjò tó kọjá, àwọn asáré méjì ló lọ bẹ́ẹ̀ lórí afárá odò Ògùn. Àwọn tó fún wọn ní ẹ́ńjìnnì tó ti joògùn, ìyẹn èyí tí wọ́n ti fi kún èémí rẹ̀, kò sọ fún wọn.

Bàbá Akínṣìpẹ̀ kò jiyàn. Kò tilẹ̀ dìde. "Òfin ò ní kí o fi nọ́ńbà búra," ni ó wí. "Ó ní kí o fi ojú rí iṣẹ́ ọwọ́. Ṣí i wò."

Ohun tó ba Abíọ́nà lẹ́rù nìyẹn, pé ẹ̀rù kò ba bàbá náà.

Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú páìpù afẹ́fẹ́, ó sì mú dígí kékeré tó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdí rẹ̀, ó tì í wọnú ẹnu tọ́bò. Fáànù inú rẹ̀ ní abẹ́ mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án ló yẹ kó ní. Wọ́n ti fá inú ilé rẹ̀ kí fáànù ńlá lè gbà á, wọ́n sì ti fi èédú àti epo kun ojú ibi tí wọ́n fá kó lè dà bí ògbólógbòó. Iṣẹ́ náà mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é, ó fi fáìlì ọwọ́ fá abẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba tán, síbẹ̀ wọ́n wúwo bákan náà tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù náà fi ń yí láìgbọ̀n. Inú Abíọ́nà dùn sí i kó tó rántí pé kò yẹ kí inú òun dùn.

Ó tẹ̀ ba láti wo àwọn bóòtù tó di tọ́bò mú. Bóòtù mẹ́ta ni, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so wọ́n pọ̀ kí gbígbọ̀n má baà tú wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n máa ń ká wáyà náà ní ìlọ́po méjì, wọ́n á sì lọ́ ọ bí ẹní lọ́ òwú. Gbogbo mẹkáníìkì tí Abíọ́nà mọ̀ ló ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fà á bẹ́ẹ̀.

Wáyà yìí lọ́ sósì.

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú wáyà náà níbi tí ẹni tó lọ́ ọ ti mú un. Ìka rẹ̀ wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣówándé ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀gá náà kò gbà kó fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́ oníbàárà. Ó ní ẹni tó bá gbé mọ́tò wá, àlejò ni, a kì í fi òsì ṣe àlejò lóore. Bó bá ti kan ojú ọ̀gá, ọ̀tún ni ó ń lò. Bó bá ku òun nìkan, òsì. Ní ọjọ́ kan, ọmọlanke kan gbé ẹ́ńjìnnì wá, ẹ́ńjìnnì lásán tí wọ́n fi ẹní wé, kò sí ọkọ̀ lára rẹ̀, kò sí olówó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tó wà lórí rẹ̀ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lè mú kó mí sí i. Òfin Èémí ti wà nígbà náà. Ó mọ òfin. Kò ṣe tọ́bò rí láyé rẹ̀, ìdí tó fi gbà á sì nìyẹn: ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ó jókòó ti fáànù kan tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bàjẹ́, ó fá a fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀gá rò pé òrùka píísítìnì ló ń pààrọ̀. Nígbà tó parí, ọmọlanke padà wá gbé e lọ. Kò gbọ́ ìró rẹ̀ rí. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń bi ara rẹ̀, bí oorun kò bá kùn ún, bóyá ẹ́ńjìnnì yẹn tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

"O ti rí i," ni Bàbá Akínṣìpẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé èmi ni?"

"Ọlọ́mọlanke. Ó ní ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì kan ní ọgbà Ṣówándé. Mo fi orúkọ rẹ pamọ́. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ayẹ̀ńjìnnìwò, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ló dé. Mẹ́sàn-án ni yín láti Ìsẹ́yìn dé ibí. Mo rékọjá mẹ́jọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Abíọ́nà jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti táyà. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Mo lè tú gbogbo ẹ̀ kúrò. Mà á dá fáànù rẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀, mà á yọ alágbàwí."

"Ìbúra ńkọ́? Kà á fún mi."

Ó mọ̀ ọ́n lórí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ẹ́ńjìnnì yìí, ọwọ́ kankan ò fi kún èémí rẹ̀."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Kì í ṣe láti àárọ̀ yìí. Tó o bá tú u, o ti ba ọkọ̀ jẹ́, irọ́ náà ṣì ni wàá pa. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn jẹ́ kó jókòó sílé yín?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá náà kò ní ẹ̀rín lójú. "Àyà mi ò dáa mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀bi òfin yìí kì í bá ẹni tó ni ọkọ̀ kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ló máa ń jogún ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kú tí wọ́n bá a nílé mi, àwọn ọmọ mi ló jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kó kúrò lórúkọ mi pẹ̀lú ìbúra. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn…"

"Ọmọ ẹlòmíì lẹ́ ń gbé e fún."

"Sọ fún un kó má sáré jù."

"Asáré ni, Bàbá. Ibi tí òjò ti ń rọ̀ ló ń lọ."

Bàbá náà sún mọ́ ọn díẹ̀. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọdún mọ́kàndínlógún la wà yìí, Abíọ́nà. Ó ṣì ku ọdún kan fún wa."

Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi kún èémí ẹ́ńjìnnì, ọdún méje ni kò ní fọwọ́ kan irin. Wọ́n á fi ẹ̀gbà sí i lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀gbà náà á sì máa ké bí ẹni tí iná jó nígbàkigbà tí irin bá kàn án. Ó mọ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Ọtú tí wọ́n fi sí lọ́wọ́: ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣílẹ̀kùn, ṣíbí igi ló ń lò, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá sì fẹ́ bá a ṣeré, wọ́n á ju ìṣó lù ú. Kí ni Abíọ́nà fẹ́ máa ṣe fún ọdún méje? Kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀. Láti kékeré, bí ọ̀rọ̀ bá dun ún, ó ń wá nǹkan tú ni. Aago. Rédíò. Ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ̀, tí ó tò padà tí ó ku nọ́ọ̀tì kan, tí ẹ̀rọ náà sì ń lọta síbẹ̀.

Ó ronú àwọn ohun tí èèyàn máa ń rò. Ó ronú pé alágbàwí náà lè má tutù. Ó ronú pé òun lè fi rọ́bà dí i, kó má lè tutù láéláé, kí ọmọ náà sì máa sáré lọ ní àlàáfíà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó dáa jù lọ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Èrò yẹn dùn mọ́ ọn. Ó ti dé ibi irú rọ́bà tí yóò lò kó tó mọ̀ pé òun ti ń gbèrò rẹ̀.

Dúrósinmí padà dé, ó ń mí gúlegúle. Ó gbé ìwé olóǹtẹ̀ fún bàbá. "Èrò ò pọ̀ tó bí ẹ ṣe sọ, Bàbá. Mo kàn bá akọ̀wé tó ń jẹun ni." Ó yíjú sí Abíọ́nà. "Ọ̀gá, ẹ jókòó sílẹ̀. Ṣé kò sí ìṣòro?"

"Afárá odò Ògùn," ni Abíọ́nà wí. "Nígbà òjò, báwo lo ṣe ń gùn ún?"

"Afárá? Pẹ̀lú iná ni. Omi máa ń gun orí ẹ̀, tí èèyàn bá rọra lọ, omi á ti táyà. Wọ́n kọ́ wa pé ká fún un níná láti orí òkè, ká má tẹ bíréèkì, ká jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá kí omi tó mọ̀." Ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fò lọ tààrà. "Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti ní ìbúra lórí, mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹnì kan ti fi ahọ́n kan irin nítorí mi. Mà á wá tẹ̀ ẹ́."

Abíọ́nà dìde. Ó mú ẹ̀mú, ó gé wáyà tó wà lára tọ́bò náà, ó sì fà á yọ. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó ká aṣọ dúdú kúrò.

"Abíọ́nà," Bàbá Akínṣìpẹ̀ pè é. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọmọ mi. Dúró."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, Bàbá."

Ojú Ẹlẹ́rìí là, ó tàn ní àwọ̀ ewé. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin, gbogbo ayé ló sì ń kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí kan àwọn ewúrẹ́ tó bá kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi irin kan ahọ́n, kí ẹ sì sọ̀rọ̀."

Ó fi wáyà náà kan ahọ́n. Ó korò, ó ní iyọ̀, epo àtijọ́ wà lára rẹ̀. Bó ti ń tọ́ ọ wò, ó mọ̀ pé kò sí irọ́ kankan tó lè gba ẹ̀gbẹ́ ìtọ́wò yẹn jáde.

"Èmi Abíọ́nà, ayẹ̀ńjìnnìwò. Mo fi ojú mi rí i. Ẹ́ńjìnnì yìí ti joògùn. Ó ń mí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá, alágbàwí wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀nà."

Dúrósinmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"A ti gbọ́," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni. Èmi Abíọ́nà."

Iná àwọ̀ ewé ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú. "Ẹ má bínú," ni ó wí níkẹyìn. "Àyè orúkọ méjì ló wà nínú ìwé yìí, ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ti ẹni tó ṣẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"A ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òṣìṣẹ́ máa gbé ẹ̀gbà wá, wọ́n á sì wá kó ọkọ̀ lọ fún fífọ́. Ọwọ́ wo ni?"

"Òsì ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé méjèèjì lẹ máa fi sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ ò jẹ̀bi ju pípàdánù rẹ̀ lọ, níwọ̀n bí wọ́n ti gbé e wá fún àyẹ̀wò fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò ní kan àwọn ọmọ wọn. Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ojú rẹ̀ pa dé.

Bàbá Akínṣìpẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ kalẹ̀ lórí eékún, ó sì tún gbé e. Ohun tó ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, òtítọ́ ló fún un, kò sì mọ ojú tí yóò fi gbà á.

Dúrósinmí sún mọ́ Abíọ́nà. Ó kúnlẹ̀ pátápátá, eékún méjèèjì lórí epo àti iyanrìn, ó sì wà níbẹ̀ títí Abíọ́nà fi gbá a léjìká.

"Dìde. Kẹ̀kẹ́ rẹ ṣì ní oòrùn díẹ̀ lára. Lọ kí ìkùukùu yẹn tó dé. Òmíràn á jáde fún títà. Àwọn mẹ́jọ yòókù wà níbẹ̀, wọ́n mọṣẹ́."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n tó yín."

"Mo mọ̀. Lọ."

Ó gbé kúlà rẹ̀ lé èjìká, ó sì lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn títí ó fi yà ní ẹnu ọ̀nà. Ó wá ku àwọn méjèèjì àti ọkọ̀ pupa náà. Abíọ́nà jókòó ti bàbá náà lórí pákó. Atẹ́gùn òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bí mi."

"Báwo ló ṣe rí? Lójú títì. Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀ rí ṣáájú òní."

Bàbá náà wò ó bí ẹni pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi ojú sí ọ̀nà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fún un níná tán. Ní ọdún tí o ṣe é. Láti orí òkè Àdó títí dé ìsàlẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́, afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Igi ẹ̀bá ọ̀nà di ògiri kan ṣoṣo. Kò tó ìṣẹ́jú méjì." Ó fi fìlà nu ojú. "Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo ń wà á lọ sóko."

"Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ iná, ṣé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló gbà?"

"Rárá o. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ fa èémí. Lẹ́yìn náà ló wá gbé mi."

Abíọ́nà mi orí. Ọkọ̀ ìjọba kan ti yà wọ ẹnu ọgbà, ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré kan lórí itan. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó fi ojú wọn páìpù tó ti inú tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì.

"Páìpù yẹn ló ń dá a dúró," ni ó wí. "Mo jẹ́ kó gùn jù."